Okùn Méjì Tí A Fi Wọn Adágún Wa

Èmi, gbẹ́nàgbẹ́nà ọkọ̀ ojú omi, tí gbogbo ará etí adágún ń pè ní Ọ̀gá Kò-Jò, nítorí pé ọkọ̀ tí mo bá kàn kì í gba omi sínú, ni mo ni ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, ojú mi ríran, ẹnikẹ́ni kò sì fi ipá mú mi. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà. Ohun tí mo ní, ọwọ́ mi méjèèjì ló kó o jọ. Akọ̀wé agbẹjọ́rò ló ń tẹ̀ ẹ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe tún ẹnu mi ṣe.

1. Ọmọbìnrin mi, nọ́ọ̀sì, ni alámòójútó ogún mi. Òun ni mo fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ fún. Kó má ṣe tún àtẹ̀gùn tó ń dún yẹn ṣe. Dídún rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ fi ń mọ̀ bóyá inú ń bí mi, kí n tó wọlé.

2. Ọmọkùnrin mi ló ni ìsọ̀, ayùn mẹ́rin, ìfági méjì àti gbogbo òòlù. Ó ní ọkọ̀ oníke layé ń rà báyìí. Òótọ́ ni. Ẹ bi í léèrè ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ń sáré wá nígbà tí oníke bá là.

3. Pẹ́pẹ́yẹ mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di ti aránṣọ tí ìsọ̀ rẹ̀ wà ní òdìkejì ilé wa. Láti ọdún méje ló ti ń bú wọn, tó sì ń fún wọn lóúnjẹ nígbà tó bá rò pé mi ò rí òun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

4. Ọkọ̀ mi kékeré, abọ́ funfun àti okùn méjèèjì jẹ́ ti Ẹgbẹ́ Aṣọ́-Adágún. Fún ẹni tí kò mọ̀: lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ la ń so abọ́ funfun mọ́ okùn, tí a ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú omi. Kókó wà lára okùn náà, ìwọ̀n apá kan ló wà láàárín kókó kan sí èkejì. Iye kókó tó bá wọmi kí abọ́ tó pòórá lójú la ń kọ sílẹ̀. Bó bá dín, nǹkan ti ń ba omi jẹ́. Ìyàwó mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ẹgbẹ́ tó wà, òun ló sì ta kókó okùn àkọ́kọ́. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Òun ló jẹ́ kí a ṣì máa rí ẹja pa.

5. Nígbà tí ìyàwó mi kú, mi ò lè fọwọ́ kan okùn rẹ̀. Mo ta kókó sí okùn mìíràn, mo fi apá tèmi wọ̀n ọ́n. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kókó márùn-ún di mẹ́rin. Mo dìde láàárín ẹgbẹ́, mo nàka sí àbúrò mi, alágbàfọ̀, pé omi ọṣẹ rẹ̀ ló ń ba adágún jẹ́. Nítorí pé èmi ni, wọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Ọdún mọ́kànlá ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin mi na okùn méjèèjì sílẹ̀ ní ìsọ̀ mi. Orí ìyàwó mi kò kọjá èjìká mi. Apá tèmi, ẹ ti mọ bó ṣe gùn. Kókó mẹ́rin tèmi àti márùn-ún tirẹ̀, ibì kan náà ni wọ́n dé. Omi kò bàjẹ́. Èmi tí mo ń fi ìdiwọ̀n yangàn ni mo ṣì í wọ̀n.

6. Ilẹ̀ mi tó wà lójú títì di ti àbúrò mi, kó fi kọ́ ilé ìfọṣọ. Kì í ṣe ọrẹ. Mo ń dá nǹkan rẹ̀ padà ni.

7. Mo ti kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí a ka ẹsẹ̀ karùn-ún fún ẹgbẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú mi. Akọ̀wé dáwọ́ títẹ̀ dúró, ó bi mí bóyá àbúrò mi ṣì wà láàyè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó pa àṣẹ yẹn rẹ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, mo lọ fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún ẹgbẹ́, àbúrò mi jókòó síbẹ̀. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ti ìdáríjì, òun máa rò ó. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ wọn omi. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ṣì ń rò ó. Òun ló ń wa ọkọ̀. Mo dúpẹ́.

Ọwọ́ mi rèé: Ọ̀gá Kò-Jò
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ọdún tí mo pé méjìlélọ́gọ́rin

Ẹlẹ́rìí: Akọ̀wé agbẹjọ́rò
Ẹlẹ́rìí: Olùkọ́ tó ń kọ iye kókó sílẹ̀ fún ẹgbẹ́