Mo Fi Orúkọ Pe Mummy Tádé

Sátidé, oṣù October

Ṣọ́ọ̀ṣì wa gun òkè lónìí láti fi rówó fún food bank tó ń fún àwọn aláìní lóúnjẹ. Pastor ní kí n máa rìn pẹ̀lú Mummy Tádé torí orúnkún wọn. Èmi champion, mo sáré dé òkè ṣáájú gbogbo wọn. Mo wẹ̀yìn, mi ò rí Mummy Tádé mọ́.

Ewé ti bo ọ̀nà, ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo pariwo, "Mummy!" Gbogbo ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ló dáhùn, àfi Mummy Tádé.

Ni mo bá gbójú, mo fi orúkọ wọn gan-an ké: "Fúnmiláyọ̀!"

Ohùn kan jáde láàárín igi nísàlẹ̀: "Ta lò ń pè ní Fúnmiláyọ̀? Ṣé a jọ lọ sí iléèwé ni?"

Èébú ò dùn mọ́ mi báyìí rí.