Ajá tí Kò Sí Nínú Eré Náà

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án

Apá kọkànlá eré tẹlifíṣọ̀n wa ti tán. Ó ku ẹyọ kan. Orí mi ṣì ń gbóná.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé: èéfín ti kún inú ọkọ̀. Ogójì èèyàn ló wà níbẹ̀ — ọdún méje ni wọ́n ti ń rìn láàárín ìràwọ̀, tí wọ́n ń wá ọ̀nà padà sáyé — ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sì kọ̀, kò tì. Ọ̀gá ọkọ̀, màmá onírun funfun yẹn, dúró, ó wo ilẹ̀kùn, ó wúkọ́ díẹ̀. Ó parí. Ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìkà èèyàn!

Bàbá ọkọ mi bá tẹlifíṣọ̀n jà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi wa ọkọ̀ ojú irin kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ Awakọ̀ ni mo ń pè wọ́n nínú ìwé yìí. (Lójú wọn, Bàbá ni o. Mi ò ya wèrè.) Gbogbo Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àwa méjèèjì la máa ń jókòó ti eré yìí. Wọ́n á fa àga wọn síwájú títí imú wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì, torí ojú wọn ti ṣú. Wọ́n á máa pariwo mọ́ àwọn ará inú ọkọ̀: "Fa bíréèkì! Ta ló kọ́ eléyìí ní ọkọ̀ wíwà?" Èmi aránṣọ, aṣọ ni mo ń wò. Ọdún méje nínú òfurufú, kò sí ṣòkòtò kan ṣoṣo tó rún. Ta ló ń bá wọn lọṣọ?

Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo fi wà nílé yìí, "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ kú iṣẹ́" nìkan ló wà láàárín èmi àti Awakọ̀. Eré yìí ló là wá lẹ́nu.

Oníhanrun — ọkọ mi — ti sùn kí orin ìbẹ̀rẹ̀ tó tán. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Wàhálà. Lẹ́tà dé láti ọsibítù ojú. Àyè ti ṣí sílẹ̀ fún Awakọ̀, wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú ọ̀tún, Bàbá á sì sun ibẹ̀ mọ́jú. Ọjọ́ wo? Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀!

Awakọ̀ ní kí n kọ̀wé padà pé àwọn ò ráyè. Mo ní, Bàbá, oṣù mẹ́jọ lẹ ti ń retí lẹ́tà yìí. Wọ́n ní ojú tó ti dúró fún oṣù mẹ́jọ lè fi ọ̀sẹ̀ kan kún un. "Màmá wà nínú èéfín, ìwọ ń sọ ọ̀rọ̀ ojú fún mi!"

Màmá ni wọ́n ń pe ọ̀gá ọkọ̀ yẹn. Mo mọ ìdí rẹ̀, mi ò kàn sọ ọ́ rí ni. Ìyá ọkọ mi ti kú kí n tó wọlé yìí. Oníhanrun sọ fún mi pé bí ọ̀gá ọkọ̀ ṣe máa ń wúkọ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, bí ìyá òun ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Awakọ̀ ti gbà láti lọ. Àdéhùn: kí n wo apá ìkẹyìn, kí n má ṣẹ́jú, kí n wá rò ó fún wọn láàárọ̀ Ẹtì láìfo ibùdó kankan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn kò ní ju ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu, mo ti sọ ọ́ ní Má-fọwọ́-kàn-án. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní Bàbá ò gbọdọ̀ pariwo, wọn ò gbọdọ̀ wúkọ́, wọn ò gbọdọ̀ sunkún. Ojú náà ò tíì jinná.

Mo sáré délé. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Aago méje kọjá díẹ̀. Mo ń sunkún sára gáùn oníbàárà.

Màmá ò délé. Ilẹ̀kùn yẹn, àfi kí ẹnì kan dúró sínú ọkọ̀ kó dì í mú. Ó kó gbogbo wọn sínú ọkọ̀ kékeré, ó ń pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún kọ́là aṣọ ẹni tó kéré jù ṣe. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Wọ́n lọ. Òun padà sí ìdí ọkọ̀, iná ń kú ní yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó. Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó tán.

Ó bọ́ bàtà!

Oníhanrun jí sí ẹkún mi, ó ní ta ló kú. Mo ní Màmá. Ó fò sókè, ó ti ki ẹsẹ̀ kan sínú ṣòkòtò kí n tó lè ṣàlàyé pé kì í ṣe ìyá mi.

Ó kù mí ku Awakọ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Mo ti parọ́.

Mi ò gbèrò rẹ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, báńdéèjì lójú ọ̀tún, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún. Mo rò ó fún wọn bó ṣe rí, èéfín, orúkọ, kọ́là, títí mo fi dé ibi ilẹ̀kùn. Wọ́n wá ọwọ́ mi rí, wọ́n dì í mú. "Màmá ńkọ́? Ṣé ó délé?"

Ètè wọn ń gbọ̀n. Ẹnu mi ní: "Màmá délé, Bàbá."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló ṣòro. Àwọn yòókù ń tò tẹ̀ lé ara wọn. Mo fún ọ̀gá ọkọ̀ ní ilé kékeré kan lẹ́bàá títì. Mo bọ́ yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn rẹ̀, mo wọ gáùn búlúù alápò méjì sí i lọ́rùn. Wọ́n ní ta ló ṣílẹ̀kùn fún un. Mo ní kò sẹ́nì kankan, ajá rẹ̀ ló sáré jáde.

"Ajá wo?"

"Ajá tó fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ."

Kò sí ajá nínú eré yẹn! Nínú apá méjìlá, kò sí ajá, kò sí ológbò, kò sí eṣinṣin pàápàá. Awakọ̀ ní, "Ó ṣì dá a mọ̀, lẹ́yìn ọdún méje?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Má-fọwọ́-kàn-án fi yọjú wò wá pé kí ló dé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Awakọ̀ ti padà sílé. Wọ́n ti ròyìn ajá náà fún èèyàn mẹ́rin. Nínú ìròyìn ti ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ajá náà ti ń da omi lójú.

Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo rántí Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì. Òun náà kì í fi eré yẹn ṣeré. Lọ́jọ́ Ẹtì, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ń ṣọ̀fọ̀.

Mo sáré lọ bẹ̀ ẹ́ kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó ti fá orí oníbàárà kan dé ìdajì. Ó pa maṣíìnì. "Ajá? Ajá wo?" Mo ṣàlàyé. Ó ní mo ti ba iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n jẹ́. Ó ní màmá yẹn fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún èèyàn mọ́kàndínlógójì, èmi wá lọ fún un ní ajá! Oníbàárà tó fá dé ìdajì ní kí ni wọ́n tiẹ̀ jẹ́ kó kú fún, ṣé kò dáa kó délé ni. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ìgbà tí mo sọ ti ojú àti ti ẹkún ni ara Onígbàjámọ̀ tó rọ̀. Ó gbà.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ì bá má ti gbà. Ó wá gẹrun fún Awakọ̀ nílé lónìí. Wọ́n bi í bóyá ó rí ajá yẹn. Ó ní òun rí i dáadáa, ajá dúdú gbọ̀ngbọ̀n kan báyìí.

"Dúdú kẹ̀? Ìyàwó wa ní pupa ni."

Onígbàjámọ̀ wò mí. Mo wo abẹ́rẹ́ mi. Ó ní tẹlifíṣọ̀n tòun ò fi àwọ̀ hàn dáadáa. Awakọ̀ káàánú rẹ̀.

Kò tíì kọjá títì tán tí wọ́n fi kéde lórí tẹlifíṣọ̀n pé, nítorí àwọn tí kò rí apá ìkẹyìn wò, wọ́n á tún fi í hàn ní Àbámẹ́ta, aago mẹ́rin ọ̀sán. Awakọ̀ pàtẹ́wọ́. Ẹtì ni báńdéèjì ń kúrò! "Màá fi ojú ara mi rí ajá yẹn."

Mo fi abẹ́rẹ́ gún ìka ara mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Oníhanrun ní kí n sọ òótọ́. Mo ní kó bá mi gé wáyà tẹlifíṣọ̀n. Ó ní rárá. Ó sùn.

Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Báńdéèjì kúrò. Awakọ̀ ń ka gbogbo pátákó tó wà lójú ọ̀nà sókè bí ọmọ iléèwé. Wọ́n tiẹ̀ yọ fọ́nrán òwú kan kúrò léjìká mi. Wọ́n wá wo ojú mi fún ìgbà pípẹ́. "Bó o ṣe rí nìyí? Mo rò pé o ga ju báyìí lọ."

Dókítà ti yẹ ojú òsì náà wò, ó ní àwọn á kọ lẹ́tà nípa rẹ̀. Má-fọwọ́-kàn-án ní Bàbá lè pariwo, wọ́n lè wúkọ́, wọ́n lè sunkún bó ṣe wù wọ́n. Mi ò ní àwáwí mọ́ nìyẹn.

Nígbà tá a délé, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́.

Wọn ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo.

"Kò sí ajá?"

"Kò sí, Bàbá."

"Gáùn búlúù ńkọ́?"

"Èmi ni mo rán an."

Wọ́n wá sọ ohun tí Oníhanrun pàápàá kò sọ fún mi rí. Lọ́jọ́ tí ìyàwó wọn kú ní ọsibítù, orí ìrìn ni wọ́n wà. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń béèrè bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣe. Àwọn ará ibùdó ń dá wọn lóhùn pé ó ń sinmi. Ibùdó mẹ́rin. Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló ti mọ̀. Wọ́n kàn ń fẹ́ kí awakọ̀ gbé èrò gúnlẹ̀ láìséwu ni. "Mo tiẹ̀ ń kọrin, ìyàwó wa. Láti ibùdó kẹta sí ìkẹrin, orin ni mò ń kọ."

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Inú rere nìwọ náà fi ṣe é. Má ṣe é fún mi mọ́." Wọ́n wọ yàrá, wọ́n tìlẹ̀kùn.

Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Àárọ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì. Ọ̀sán, ó wà ní títì. Mo rán apá aṣọ kan, mo tú u, mo tún un rán, ó tún wọ́.

Aago mẹ́rin ku díẹ̀, wọ́n jáde. Wọ́n ti wẹ̀. Wọ́n gbé àga wọn, wọn ò fà á mọ́ gíláàsì lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀ọ́kán ni wọ́n gbé e sí. Wọn ò wojú mi. "Wá jókòó. Àbí o fẹ́ kí n dá sunkún ni?"

A wò ó. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí bíréèkì. Nígbà tí Màmá bọ́ bàtà, Awakọ̀ gbá orúnkún mú. Omi ń dà lójú wọn, lójú òsì, lójú ọ̀tún. Èmi náà ò gbẹ́yìn. Onígbàjámọ̀ ti wọlé láìkanlẹ̀kùn, ó dúró sẹ́yìn wa, ó ń fi aṣọ ìgẹrun nu ojú. Ẹ sì wá gbọ́: Oníhanrun ò sùn! Láti orin ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú rẹ̀ là kedere. Nígbà tí ọ̀gá ọkọ̀ wúkọ́, ó gbé ọwọ́ lé èjìká bàbá rẹ̀, kò sì gbé e kúrò mọ́.

Ó tán. Awakọ̀ fọn ikun.

"Ó dáa," wọ́n ní. "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gáùn tìẹ dáa ju aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un lọ."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Lẹ́tà dókítà dé. Jígí ìkàwé Awakọ̀ kò tíì jáde, nítorí náà Oníhanrun na ọwọ́ pé òun á kà á. Wọ́n gbé e kọjá ọwọ́ rẹ̀, wọ́n fún mi.

Mo kà á sókè. Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́, ayọ̀: ojú ọ̀tún ti yè. Mo rí ìlà kẹrin kí ẹnu mi tó dé ibẹ̀. Ìlà kan péré. Ó rọrùn láti fò ó. Ọkọ mi ń wò mí, ó ti ka nǹkan lójú mi.

Mo kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́: ojú òsì ti bàjẹ́ láti ẹ̀yìn, iṣẹ́ abẹ kò lè ràn án lọ́wọ́, kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó kù níbẹ̀ á lọ.

Awakọ̀ ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

"O ò yọ nǹkan kan kúrò?"

"Mi ò yọ nǹkan kan, Bàbá."

"O ò fi nǹkan kan kún un?"

"Rárá."

Wọ́n fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, wọ́n fi òsì wo fèrèsé fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Ó dáa. Láti òní lọ, ọwọ́ òsì mi ni kó o máa jókòó sí. Ohunkóhun tó bá gba ibẹ̀ kọjá, sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí."

Mo dìde, mo gbé àga mi kọjá sí òsì.