Ilé Ìmọ̀tà, Wúrà, àti Orogún Mi

Ọjọ́ Ajé, 1 Sẹ̀tẹ́ńbà 2025

Orúkọ wa ti jáde! Yéè! Mo ń ta oògùn ibà fún bàbá kan ní kẹ́mísì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Itamaga nígbà tí báńkì pè mí. Díẹ̀ ló kù kí n gbé oògùn aràn fún bàbá olóore. Ilé oníyàrá méjì, ní ẹ́sítéètì tuntun lójú ọ̀nà Ìmọ̀tà. Báńkì á san owó ilé, àwa á máa san án padà fún wọn díẹ̀díẹ̀, lóṣooṣù, fún ogún ọdún. Mọ́gééjì ni wọ́n ń pè é. Ogún ọdún! Uwais ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, á ti hu irùngbọ̀n ká tó san án tán. Kò kàn mí o. Bàlùwẹ̀ tèmi, tí ayálégbé kankan ò ní máa gbá ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ mi létí: "Ẹ tètè jáde, ẹ̀yin nìkan kọ́!"

Mo sọ fún Sípánà. (Qamardeen ọkọ mi ni. Mẹkáníìkì ni, ó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní iléeṣẹ́ àga oníke kan ní Ìkòròdú níbí. Kò sí ìgbà tí sípánà kì í sí lápò rẹ̀, kódà lọ́jọ́ Iléyá.) Ó gbé mi sókè, ó fi mí yí po. Lẹ́yìn náà ló jáde lọ sọ fún Orogún.

Orogún ni Corolla rẹ̀. Mọ́tò tó ní jàǹbá ló rà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe láti orí dé ẹsẹ̀. Ó máa ń wẹ̀ fún un kó tó wẹ̀ fún ara rẹ̀. Mo ti gbà fún Ọlọ́run pé ìyàwó méjì ló ní.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mi ò rí oorun sùn. Mo ti yan àwọ̀ kọ́tìnnì. Aláwọ̀ ewé.

Ọjọ́bọ̀, 4 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo fọ́nnu fún Baseerah, ìyá tó wà ní yàrá kejì sí tiwa, nídìí omi ẹ̀rọ. Ó bẹ̀rẹ̀ o: ó ní ọkọ òun ra bàtà fún òun. Bàtà! Mo ní tèmi ń fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́ ní gbogbo ìparí oṣù, láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, kò pa oṣù kan jẹ rí. Ó pòṣé, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi rẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi, mi ò lè purọ́.

Ọjọ́ Ajé, 8 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kí n rọra kọ ọ́.

A lọ sí báńkì. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fọláwùmí ló dá wa lóhùn, mo ti sọ ọ́ ní Ìyá Ìbéèrè. Ẹ̀rín ló fi ń bi èèyàn ní gbogbo ẹ̀. Ó bi wá bóyá a jẹ gbèsè — báńkì ni, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni, ẹbí ni, ọ̀rẹ́ ni, kódà èyí tí kò níwèé. Mo ní, "Kò sí o, mà. A ò jẹ ẹnì kankan ní kọ́bọ̀." Mo pariwo ẹ̀ gan-an, ẹni tó wà nídìí tábìlì kejì gbọ́.

Ó wá wo ìwé tó fi bí owó ṣe ń wọlé tó sì ń jáde ní àkáǹtì Sípánà hàn. Ó ní ta ni Wòsílátù tẹ́ ẹ ń fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ránṣẹ́ sí lóṣooṣù? Mo na ọrùn. Mo ní màmá mi ni! Mo ní ọkọ mi ló ń tọ́jú wọn! Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ìyẹn dáa gan-an, ó ti gbé bírò pé kóun kọ "ìtọ́jú ìyá" sílẹ̀.

Sípánà bá wúkọ́. Ó ní, "Kì í ṣe ìtọ́jú, mà. Gbèsè ni."

Gbèsè kí ni? Ìyá Ìbéèrè ti bi í kí n tó lanu. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Owó tí mo fi ra wúrà ìyàwó mi ni."

Wúrà. Sàdákì mi! Nígbà tá a fẹ́ ṣe yìgì lọ́dún 2019, wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọkọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi gba owó, òmíràn gba Kùránì. Èmi arógajígà, mo ní wúrà ni, ṣéènì àti yẹtí, kó sì wúwo. Ó gbé e wá, ó wúwo lóòótọ́. Mi ò mọ̀ pé ibi iṣẹ́ rẹ̀ ìgbà náà ti dá wọn dúró. Kò sọ fún mi. Ìyá mi ló lọ sọ fún! Wọ́n yá a ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀, wọ́n ní kó san án dé kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn, kò sì gbọdọ̀ sọ fún mi. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin ó lé ló ṣì kù.

Ìyá Ìbéèrè ní gbèsè ẹbí náà gbèsè ni. Tóun bá ti kà á mọ́ ọn, owó oṣù wa ò ní gbé ilé oníyàrá méjì mọ́, àfi oníyàrá kan. Àyàfi tí Màámi bá kọ̀wé pé àwọn ti fi jì í, tàbí pé a ò jẹ àwọn mọ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí ni wọ́n máa pa orúkọ dé.

A dé Àgíríìkì. Níbẹ̀ ni mo ti bú gbàù. Ta ló yá a lẹ́nu? Obìnrin yẹn ti fẹ́ kọ ìtọ́jú sílẹ̀! Ó ní òun ò lè fi irọ́ ṣe ìpìlẹ̀ ilé tóun fẹ́ sùn sí fún ogún ọdún. Ó wá ní, "Ìyá Uwais, má bínú." Mo bínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mi ò bá a sọ̀rọ̀. Ó lọ bá Orogún sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́rú, 10 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn káńtà, ọ̀gá mi ní kí ló ṣe mí. Ẹ gbọ́ ná — ọkùnrin tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, ó lọ yáwó lọ́wọ́ ìyá ìyàwó, nítorí kí ojú má tì mí láàárín ẹgbẹ́! Mi ò mọ̀ bóyá kí n gbá a létí ni àbí kí n dì mọ́ ọn. Àti Baseerah tí mo fọ́nnu fún. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò le rárá! Èmi nìkan lọmọ tí Màámi bí. Ìwé pélébé kan ni, wọ́n á fi jì í, ó parí. Sátidé, Ẹ̀pẹ́ yá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo dé láti Ẹ̀pẹ́. Hùn.

Ìsọ̀ Màámi ò jìnnà sí omi. Òwú àwọ̀n, okùn àti òjé ni wọ́n ń tà fún àwọn apẹja. Wọ́n ń ta àwìn, wọn kì í sì í gbàgbé ẹni tó jẹ wọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ó sọ fún ọ? Mo ní kó má sọ." Mo ní báńkì ló bi í. Wọ́n ní, "Kò sì purọ́. Ó káre."

Mo rò pé ó ti bọ́ sí i. Mo fa ìwé àti bírò yọ. Màámi ní, "Rárá."

Mo ní kí ni rárá? Wọ́n ní sàdákì, òógùn ọkọ ló yẹ kó ti wá. Àwọn yá a lówó nítorí àwọn rí i pé èèyàn gidi ni, kì í ṣe pé àwọn bá a san án. "Tí mo bá fi jì í lónìí, ta ló fi wúrà fẹ́ ọ? Èmi ni. Èmi ni mo wá di ọkọ ẹ nìyẹn!" Bàbá apẹja kan tó ń yan okùn lọ́wọ́ rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀.

Mo ní ó dáa, màá ta wúrà náà. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "O fẹ́ ta sàdákì ẹ, kó o fi san gbèsè sàdákì ẹ? Múná, ṣé orí ẹ pé?" Mo ní kí n máa san án nínú owó oṣù tèmi ńkọ́. Wọ́n ní ìyẹn ni pé mo fẹ́ ara mi. Mo ní, "Màámi, ilé ńkọ́?" Wọ́n ní ilé dáa, àwọn á wá bá wa ṣí i, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó ló ṣáájú ilé.

Wọ́n di ẹja gbígbẹ fún mi, wọ́n sin mí dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀. Mo sunkún títí dé Ìtòíkín. Lẹ́yìn Ìtòíkín, "èmi ni mo wá di ọkọ ẹ" yẹn tún sọ sí mi lọ́kàn, mo bú sẹ́rìn-ín, obìnrin tó jókòó tì mí sún mọ́ fèrèsé.

Ọjọ́ Ajé, 15 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo bi àlùfáà wa léèrè. Wọ́n ní ẹ̀sìn ò kọ̀ ọ́ kí olówó fi gbèsè jini, ẹ̀san wà níbẹ̀ pàápàá. Inú mi dùn. Wọ́n ní ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi tipátipá mú olówó kó fi jini. Wọn ò tíì rí Màámi, àmọ́ ó jọ pé wọ́n mọ̀ wọ́n.

Ọjọ́rú, 17 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo ro gbogbo ẹ̀ fún Sípánà. Mo rò pé á bá mi bínú sí Màámi. Ó ní, "Òótọ́ ni Màmá Ẹ̀pẹ́ sọ. Ká ní wọ́n fi jì mí gan-an, mi ò ní gbà." Áà! Àwọn méjèèjì! Àna àti àna ti di ọ̀rẹ́, èmi ni wọ́n fi sáàárín. Mo ní ilé wa ńkọ́, Dáàdì Uwais? Ó ní kí n ní sùúrù. Ó jáde. Mo gbọ́ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ Jímọ̀, 19 Sẹ̀tẹ́ńbà

Yàrá kan. Níbo ni Uwais fẹ́ máa sùn?

Ọjọ́ Àìkú, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ọkùnrin kan wá láti Ìjẹdè, ó wo Orogún títí, ó wo abẹ́ ẹ̀, ó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì ẹ̀. Sípánà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bi í pé ta nìyẹn, ó ní ẹnì kan tó fẹ́ràn mọ́tò ni. Mọ́tò, mọ́tò, mọ́tò. Ilé ń bọ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Mo fi ìbínú ro ẹ̀bà, ó le bí òkúta, Sípánà àti Uwais jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 24 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ìyá Ìbéèrè pè. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ku ọjọ́ mẹ́fà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Sẹ̀tẹ́ńbà

Sípánà wẹ̀ fún Orogún láàárọ̀ yìí, ó fọ̀ ọ́ ju ti Iléyá lọ. Ó ní òun ń lọ síbì kan.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló dé, orí ọ̀kadà ló ti sọ̀. Tẹ̀súbáà tó máa ń so mọ́ dígí mọ́tò nìkan ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní Orogún dà? Ṣé ó dákú lọ́nà? Ó ní, "Ó ti lọ sílé ọkọ."

Kó tó yé mi, fóònù dún. Màámi. Wọn ò kí mi. Wọ́n ní, "Múná, ọkọ ẹ wá síbí lọ́sàn-án yìí. Ó ti san án tán. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ọ tán lónìí ni." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ àdúà, àdúà ìgbéyàwó, ẹ máa bára yín kalẹ́, ẹ ò ní rí ìjà ẹ̀yìn, gbogbo ẹ̀ pátá, mò ń ṣàmín, mò ń sunkún. Wọ́n ní àwọn ti ní kí Waliyah ọmọ àbúrò wọn bá àwọn kọ ìwé báńkì, ó wà lápò Sípánà. Wọ́n ní kí n lọ wọ wúrà mi.

Mo wọ̀ ọ́. Sórí ìró ilé. Mo wá jókòó ti ọkùnrin yìí lójú àtẹ̀gùn, a ń wo ibi tí mọ́tò máa ń wà. Epo ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Mo bi í bóyá ó dùn ún. Ó ní ó dun òun gan-an. Ó wá ní ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo lórí òun fún ọdún mẹ́fà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe òun bíi pé òun lè nà tàntàn ni. Mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà sẹ́ ẹ lọ́la.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Sẹ̀tẹ́ńbà

YÀRÁ MÉJÌ!!!

Ìyá Ìbéèrè ka ìwé Màámi sókè: "Qamardeen ò jẹ mí ní kọ́bọ̀ mọ́. Bẹ́ ẹ bá yá a lówó, ẹ fọkàn balẹ̀, á san án. Mo ti dán an wò." Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín tó rín dé inú. Ó ní òun ò rí irú ẹ̀ rí. Ó tẹ òǹtẹ̀. Owó mọ́tò tó ṣẹ́ kù náà ti wọ inú owó tá a kọ́kọ́ máa san sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ la wọ̀ padà, gbogbo Corolla tó kọjá ni Sípánà ń yíjú wò. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú.

Baseerah wà nídìí omi nígbà tá a dé. Ó rí wúrà lọ́rùn mi, ó wo ibi tí epo ti dà sílẹ̀ nínú ọgbà. Ó ní, "Ìyá Uwais, mọ́tò ọkọ ẹ dà?"

Mo ní, "Ó fi fẹ́ mi ni."

Ó ní, "Ṣebí ẹ ti ṣègbéyàwó tipẹ́tipẹ́?"

Mo ní, "Rárá o. Sátidé tó kọjá yìí ni."