Ohùn Tó Ń Lé Ọ̀kẹ́rẹ́

Màmá Ìwó mi,

Ẹ kú àtijọ́. Ara wa le ní Peckham nílùú òyìnbó níbí. Ẹ ní kí ló dé tí Dádì ò pè yín mọ́. Iṣẹ́ ló gbé wọn lọ sí ọ̀nà jíjìn, fóònù kì í sì í mú níbẹ̀. Ẹ má ṣèyọnu, àwọn ará mọ́ṣáláṣí ṣì ń gbé oúnjẹ wá fún wa.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń dààmú mi. Wọ́n ti hú ẹ̀fọ́ Dádì tán lẹ́yìnkùlé, wọ́n tún ti wọ inú àjà. Mo wọ́n ata gígún bí ẹ ṣe wí, òjò fọ̀ ọ́ lọ. Tẹ́lẹ̀, bí Dádì bá ti lè jágbe lójú fèrèsé, eré ni wọ́n ń sá.

Ni mo bá wá ọ̀kan nínú ohùn Dádì tó ṣẹ́kù sínú fóònù, èyí tí wọ́n fi ń bú Waris àbúrò mi, mo tàn án lójú fèrèsé. Àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ fò sórí igi! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, ọ̀kan dúró, ó gbọ́ ọ tán, ó wo ojú fèrèsé, ó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Ẹ tún ní kí ló dé tí ohùn Dádì tí mo fi ránṣẹ́ sí yín ń kí yín kú ọdún Iléyá, nígbà tí Iléyá ti kọjá. Wọ́n kàn gbàgbé ni, Màmá.

Waris kí yín, Àìṣát kí yín. Dádì náà kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dákẹ́ àdúrà nígbàkígbà tí mo bá fi ohùn wọn ránṣẹ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ń dá wọn lóhùn.

Èmi ni, Mìsítúrà, ọmọ Tàjùdéèn yín.