Orí Búlúù Tó Wà Lórí Òkè

                                        Ilé Kẹtàdínlógún, Òpópónà Ipê,
                                        Santa Rita do Sapucaí,
                                        Ilẹ̀ Bùràsíìlì.
                                        Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹfà, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Kọfí tiwa ti ń pọ́n, àmọ́ òtútù ọdún yìí kò ṣe é fẹnu sọ.

Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, kódà bí ọmọ ọ̀hún ti hu irùngbọ̀n. Ẹ rántí iṣẹ́ Jordana ọmọ mi: ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé ìgbì rédíò gba inú okùn dígí tó tín-ín-rín bí irun, láti ìlú dé orí òkè, kí fóònù lè ṣiṣẹ́ nínú oko kọfí. Wọn kì í sọ ọ́ di nọ́ńbà bíi ti íńtánẹ́ẹ̀tì. Bó ṣe wọlé ni yóò ṣe jáde, tòun ti ìdọ̀tí tó bá kó lọ́nà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ariwo fi ń jáde lókè. Jordana tún ẹ̀rọ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ náà ṣe títí ó fi rù. Ọ̀gá rẹ̀ ní bí ohùn kò bá mọ́ di ọjọ́ Ẹtì, àwọn yóò pa iṣẹ́ náà tì. Ọmọ ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Potogí yá. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o: mo jí ìwé ìrìnnà rẹ̀, mo rì í sínú garawa ìrẹsì.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ọmọ mi méjèèjì wá jẹun. Edmar àbúrò rẹ̀, tó máa ń fa íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ilé onílé, òun náà ló fa okùn yẹn gòkè. Ó ní, “Jẹun jàre, Jordana. Ojú ẹ ti dà bí ti ewúrẹ́ tó sọnù. Okùn tèmi ò lẹ́bi o. Kódà nígbà tí orí aláwọ̀ ewé tí a fi ń so okùn pọ̀ tán, mo fi búlúù kan so ó, ó sì wọlé wẹ́rẹ́.”

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Jordana. “Edmar! Búlúù wo?”

“Èyí tí mò ń lò nílé gbogbo ayé. Ta ló fẹjọ́ ẹ̀ sùn rí?”

Àṣé ẹnu búlúù tẹ́jú, ti aláwọ̀ ewé ni wọ́n gé ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Bí méjèèjì bá forí kanra, ìmọ́lẹ̀ á ta padà, á sì da ẹ̀rọ láàmú. Íńtánẹ́ẹ̀tì lè fara dà á, ìgbì tiwọn ò lè fara dà á.

Mo ti ń kó abọ́ sá fún ìjà. Ẹ̀rín ni Jordana bú sí, tó fi sunkún. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Dìde, ọ̀dájú, gbé ọ̀kadà ẹ, ká lọ yọ búlúù yẹn kúrò lókè!” Láti ìgbà tí a ti sin bàbá wọn, n kò rí wọn papọ̀ lórí ọ̀kadà kan.

Lánàá, ọjọ́ Ẹtì, fóònù mi dún. Edmar ni, láti àárín oko. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ya èso kọfí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Mọ́mì, Jordana ní ṣé ẹ̀wà ọjọ́ Àìkú ṣẹ́ kù?” Ohùn rẹ̀ mọ́ bí ẹni tó jókòó tì mí. Ọ̀gá ti ní kí iṣẹ́ máa lọ.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti gbogbo ará oko. Ní ọ̀la, bí Jordana bá wá jẹun, n óò gbọn ìrẹsì kúrò lára ìwé ìrìnnà rẹ̀, n óò sì dá a padà fún un.

Èmi ni àbúrò yín tó ti ń rí oorun sùn,
Zulmira.