Kí Ni Màmá Ń Ṣe Nínú Yàrá Ẹ̀yìn?

Ọdún 1941 ni a bí Màmá wa, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìyá Agbẹ̀bí, sínú agboolé alágbẹ̀dẹ. Bàbá wọn ń rọ ọkọ́ àti àdá. Ìyá wọn ló ń dá abẹ́ fún àwọn ọmọbìnrin àdúgbò, ọ̀bẹ kan náà ló sì ń lò fún gbogbo wọn. Àwa ọmọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn. Àkọ́bí wọn, aránṣọ, ni ẹbí ní kí ó kọ ìtàn yìí. Bí ìtàn náà bá ń wọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ má bínú. Nǹkan ti dà rú mọ́ ọn lójú.

Màmá wọ ilé ẹ̀kọ́ ní 1949, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí agbẹ̀bí ní 1962. Ní 1963 wọ́n fẹ́ káfíńtà kan, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í yọ pẹ́ńsùlù létí, ì báà jẹ́ nídìí oúnjẹ. Bàbá ló kan gbogbo ibùsùn ilé ìgbẹ̀bí wọn àti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Bàbá ṣáájú wọn lọ ní 2004.

Yàrá ẹ̀yìn yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ìyá-ọkọ kan bá gbé ọmọbìnrin tuntun wá fún abẹ́ dídá, Màmá kì í jiyàn. Wọn a gba ọmọ, wọn a ti ilẹ̀kùn, ọmọ a figbe ta. Kò ní pẹ́, wọn a gbé e jáde, báńdéèjì nídìí, oògùn aláwọ̀ àlùkò lára. Wọn a kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u, àwọn fúnra wọn ni yóò fọ̀ ọ́. Àdúgbò ní kò sí ọwọ́ tó fúyẹ́ tó tiwọn.

Àfi bí wọ́n ṣe dìde nílé ìsìn ní 1998, tí wọ́n ní abẹ́ dídá ń pa ọmọ, ó ń sọ ìrọbí di ogun, kò sì sọ obìnrin kankan di olóòótọ́. Háà! Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ọlọ́tí ló wá ń wàásù ká má mutí. Ojú ti aránṣọ. Wọ́n dá abẹ́ fún òun alára ní kékeré, ó mọ̀ ọ́n lára nígbà gbogbo tó rọbí, ó sì ti gbà pé ìyá òun ló ṣe é. Kò bi wọ́n rí. Màmá ń wàásù láti ilé ìsìn dé ilé ẹ̀kọ́; inú aránṣọ ń dùn sí i, inú kan náà tún ń bàjẹ́.

Màmá fayé sílẹ̀ lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Níbi tí a ti ń gba àlejò, ìyá-ọkọ ọmọ aránṣọ gbé ọmọbìnrin jòjòló tí ọmọ aránṣọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lé itan. Ó ní, “Màmá yín ló dá abẹ́ fún ọmọ tèmi, ó sì yẹ ẹ́. Mo ti bá olóòlà kan sọ̀rọ̀ fún èyí.” Ni ọmọbìnrin ìyá-ọkọ yìí, tó jẹ́ tíṣà, bá bú sẹ́rìn-ín láàárín ọ̀fọ̀: “Ìyá mi, ẹnikẹ́ni ò dá abẹ́ fún mi o! Dókítà tó gbẹ̀bí fún mi ló sọ ọ́.”

Ariwo ta. Nọ́ọ̀sì àgbà tó bá Màmá ṣiṣẹ́ ló là á yé wa: àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ni Màmá máa ń fìka ta títí yóò fi ké. Wọn ò lè sọ, nítorí bí àwọn ìyá-ọkọ bá gbọ́, ọ̀dọ̀ olóòlà ni wọn yóò gbé ọmọ lọ. Aránṣọ ní, “Tèmi ńkọ́?” Nọ́ọ̀sì ní ìyá Màmá ló ṣe é nígbà tí Màmá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ni Màmá bá nílẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Aránṣọ sunkún, ó rẹ́rìn-ín. Ó ń bínú pé wọn ò sọ fún òun, ó ń bínú pé òun ò bèèrè. Títí di bí a ti ń tẹ ìwé yìí, kò mọ èyí tó yẹ kó ṣe.

Màmá fi ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti ọmọbìnrin jòjòló yẹn sáyé lọ. Àna wa ti ránṣẹ́ sí olóòlà pé kó jókòó sílé rẹ̀.

Màmá, ẹ foríjì àkọ́bí yín. Ẹ sùn re, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ náà wà lódidi, a ò sì ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni.