Yèyé Mi, Iyán Wọn Ní Kókó

Yèyé mi,

Bọ̀sẹ̀dé, ìyàwó ọmọ mi, ló ń bá mi kọ èyí. Tíṣà ni, ọwọ́ rẹ̀ dára. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kí ó kọ, kí ó má fi ṣúgà sí i. Ó kọ́kọ́ fẹ́ kọ ọ́ pé mo kí ọ pẹ̀lú omijé lójú. Mo ní kí ó pa á rẹ́. Kò sí omijé lójú mi. Inú ló ń bí mi.

Àjàyí, àbíkẹ́yìn rẹ, ti kú. Bóyá o ti rí i lọ́dọ̀ rẹ níbẹ̀ yẹn. Òkú rẹ̀ wà ní mọ́ṣúárì ní Adó, a ó sì sin ín nígbà tí Mojí ọmọ mi bá ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Ọ̀rọ̀ Mojí gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Lọ́dún tó kọjá ó bímọ, ó ní kí n wá bá òun wẹ̀ ẹ́. Mo wọ bàálù, èmi tí bọ́ọ̀sì Àkúrẹ́ ń kọ́ lóòyì. Ní Sátidé kan, Mojí ní kí n bá òun lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin kan. Òyìnbó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Fẹ́mínísìtì ni wọ́n ń pe ara wọn, Mojí náà sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: ẹni tí kò gbà kí wọ́n rẹ́ obìnrin jẹ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Mo ní ìyẹn dára. Mo ní mo ti ń ṣe é kí n tó bí i.

Obìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ti Mojí dì mọ́ mi, ó ní arábìnrin òun ni mí. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀, kí Mojí máa túmọ̀ rẹ̀. Mo sọ bí àwa obìnrin Ìkẹ́rẹ́ ṣe gba ilẹ̀ tí a ń gbin ẹ̀gẹ́ sí padà, nígbà tí àwọn ọkùnrin fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ gbin kòkó. Mo sọ bí a ṣe pa iná ààrò, tí kò sẹ́ni tó se uṣu fún ẹnì kankan, títí àwọn àgbàlagbà fi wá bẹ̀ wá. Ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé sílẹ̀ gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. Mo ń wò ó. Ó ń fi ìka ṣa èérún bisikíìtì jẹ. Ẹnì kan wá béèrè bóyá ọkọ mi máa ń lù mí, bóyá ó ní ìyàwó mìíràn, bóyá wọ́n dá abẹ́ fún mi. Kí n tó la ẹnu, bírò ti gbéra. Kí ni wọ́n fẹ́ fi abẹ́ mi ṣe? Mo ní kí Mojí bi wọ́n bóyá àwọn náà fẹ́ sọ ti abẹ́ tiwọn. Mojí kò túmọ̀ ìyẹn.

Nígbà tó yá, Mojí fúnra rẹ̀ dìde. Nọ́ọ̀sì ni. Ní ọsibítù rẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ń fi sí iṣẹ́ òru, àwọn ni wọ́n ń da ìgbẹ́ aláìsàn nù, obìnrin òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn ló sì ń pín iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Ó ti bímọ, ọmú rẹ̀ kún, wọ́n tún ti kọ orúkọ rẹ̀ sí iṣẹ́ òru. Ó ní kí ẹgbẹ́ bá òun dá sí i. Ẹni tó dì mọ́ mi ló wá sọ pé ọ̀ràn àwọ̀ nìyẹn, pé ẹgbẹ́ mìíràn wà fún un, kí ó má fi pín àwọn obìnrin níyà.

Yèyé mi, ibo ni wọ́n fẹ́ kí Mojí bọ́ àwọ̀ rẹ̀ kọ́ sí kí ó tó wọlé ìpàdé? Ṣé obìnrin kan ló ń fún ọmọ lọ́mú ni, tí aláwọ̀ dúdú mìíràn sì ń lọ síbi iṣẹ́ òru?

Lẹ́yìn náà wọ́n mu tíì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mojí àti ará Jàmáíkà kan ló wà nídìí omi tí wọ́n ń fọ ife. Kò sẹ́ni tó rán wọn. Kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n fi sílẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, Mojí ní òun ti sọ orúkọ fẹ́mínísìtì yẹn nù. A lọ díẹ̀, ó tún ní bí òun bá sọ ọ́ nù, kí ni òun ó máa jẹ́? Ó ti dé ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú rí, àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ní kí ó lọ máa wo ìrẹsì lórí iná nígbà tí àwọn ń sọ̀rọ̀. Ó bi mí pé kí ni kí òun ṣe. N kò dá a lóhùn títí mo fi padà wálé.

Ìwọ lo dí mi lẹ́nu.

Nílé bàbá mi, ìyàwó ni ọ́. Mo rí ọ tí o kúnlẹ̀ fún ọmọdébìnrin tí kò tíì pààrọ̀ eyín, tí o ń pè é ní ọkọ mi, nítorí wọ́n bí i sínú ilé kí o tó wọlé. Bí òkú bá kú, ẹ̀yin ìyàwó lẹ ń gún iyán. Àwọn ọmọ ilé lóbìnrin á jókòó lórí ẹní, wọ́n á ní ó ní kókó, wọ́n á ní kí ẹ dá a padà sínú odó. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ bó. Èmi ni mo máa ń fi àdín pa á.

Bí a bá sì dé Emùré, nílé bàbá tìrẹ, ìwọ lò ń jókòó lórí ẹní. Wọ́n á gbé iyán dé, o á fi ìka méjì mú díẹ̀, o á máa yí i, o á dijú bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lọ́nà jíjìn. Èyí ní kókó, ẹ gbé e padà. Ọwọ́ rẹ kò tíì jinná. Kí ló dé? Ṣé o máa ń gbàgbé lójú ọ̀nà ni, àbí o rántí, o sì fẹ́ kí ẹlòmíràn tọ́ ọ wò? Èmi náà ṣì ń yí iyán lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ bí mo bá ń dá jẹun. Ọwọ́ rẹ ni mo máa ń rí.

Nígbà tí o kú, àwọn ìyàwó ilé Emùré wá. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn gbé iyán wá nínú ewé, kókó ni gbogbo rẹ̀. Ó gbé e sí ẹsẹ̀ rẹ níbi tí a tẹ́ ọ sí. Ó ní, "Ọkọ mi, èyí náà ní kókó. Dìde kí o dá a padà." Lẹ́yìn náà ó so ìró rẹ̀ le, ó lọ mú ọmọ odó, ó bá wọn gún ti àlejò títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo bínú sí obìnrin yẹn títí òun náà fi kú. Nídìí ife yẹn ní Lọ́ńdọ̀nù ni ohun tó ṣe tó yé mi. Kò fi ilé sílẹ̀ fún ọ. Kò sì gbé ìwọ̀sí náà mì.

Àwọn òyìnbó yẹn, ìyàwó ni wọ́n nílé ọkọ wọn, wọ́n ń jìyà, n kò ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé ìpàdé, wọ́n á jókòó lórí ẹní, wọ́n á di ọkọ wa.

Èsì tí mo ní fún Mojí nìyí. Kí ó má sọ orúkọ náà nù. Ta ló fi fún wọn? Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fọ ife wọn mọ́, kí ó sì lọ sọ ọ́ lójú wọn pé iyán wọn ní kókó. Bí wọ́n bá lé e, kí òun àti ará Jàmáíkà yẹn gbé odó tiwọn kalẹ̀, kí wọ́n mú orúkọ náà dání lọ.

Mo kàn mọ̀ pé n kò lè máa sọ èyí fún un kí ìdí mi wà lórí ẹní. Èmi ni àgbà àwọn ọmọ ilé báyìí. Nítorí náà, lọ́jọ́ ìsìnkú Àjàyí, àwa ọmọ ilé la ó gún iyán. Àwọn ìyàwó ilé ni yóò jókòó.

Bọ̀sẹ̀dé ti dá ọwọ́ dúró, ó ń wò mí. Kọ ọ́, ìyàwó mi.

Dúpẹ́ àbúrò mi ní Ìlúmọba ni kí Bọ̀sẹ̀dé kọ́kọ́ lọ sọ fún, nítorí òun ló fẹ́ràn ẹní jù, òun ni yóò sì pariwo jù. Kí ó sọ fún un pé mo ti gbẹ́ ọmọ odó tirẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó sọ fún Mojí pé kí ó mú ìró tí kò ní ká a lára bí ó bá bàjẹ́ wá. Àwọn ìyàwó ilé ni kí ó sọ fún kẹ́yìn, láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti jókòó tán, kí ìtìjú má baà lé wọn padà sídìí odó. Kí ó sọ fún wọn pé bí wọ́n bá rí kókó, kí wọ́n dá a padà.

Èmi ni, ọmọ rẹ tó máa ń fi àdín pa ọ́ lọ́wọ́.